Onífọ́tò Tí Kò Ní Fọ́tò

Mo ń yọ òjìji kúrò lábẹ́ ojú ìyàwó kan lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí Àǹtí Sìdí pè mí. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ti ya ìyàwó náà, ìyẹn ló jẹ́ kí abẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì dúdú bí ẹni tí kò sùn. Mo ti parí ojú ọ̀tún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí tòsì. Àǹtí Sìdí kò dúró kí n kí wọn. Wọ́n ní, "Kẹ́hìndé, Bàbá ti lọ," wọ́n sì pa fóònù.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gun ọ̀kadà. Láti ẹ̀gbẹ́ ọjà dé ilé wa kò jìnnà, ṣùgbọ́n ìsìnkú àwa Mùsùlùmí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo dé, àwọn àáfà ti wẹ̀ wọ́n tán, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí ojú wọn fún mi díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, àwọn ọkùnrin gbé wọn lọ, àwa obìnrin sì jókòó nílé. Bí ojú Bàbá ṣe bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Bàbá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Ìyá mi ni àkọ́bí, Àǹtí Sìdí tẹ̀ lé e, Bọ̀dá Ràṣídì ni àbíkẹ́yìn. Ìyá mi ti ṣáájú lọ. Inú ilé Bàbá ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo sì ń lò títí di òní. Ọkọ mi ti bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ mi kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá, lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àní nígbà tí ojú wọn ti ṣú tán.

Ní ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ fọ́tò bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá Ràṣídì ti dé láti Èkó. Wọ́n ń fẹ́ fọ́tò ńlá kan tí a óò gbé síwájú ilé lọ́jọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ, tí a óò sì gbé kọ́ ògiri pálọ̀ lẹ́yìn náà. A tú àpótí fọ́tò Bàbá. Gbogbo ìlú wa Ìlá ló wà níbẹ̀: ìyàwó ọ̀ṣìngín, ọmọ tuntun, àwọn tó ti Mẹ́kà dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, àwọn àgbẹ̀ Ọ̀rà nínú agbádá tí wọ́n yá wọ̀, àwọn ọmọ Ìgbájọ tó wálé ọdún. Bàbá nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Bọ̀dá Ràṣídì pàtẹ́wọ́. "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Onífọ́tò, kò ní fọ́tò!"

Àǹtí Sìdí wo àbúrò wọn títí. "Ràṣídì, dìde. Kọjú sí mi. Kẹ́hìndé, ìwọ náà wò ó. Ṣé kì í ṣe bí ẹni pé Bàbá pọ̀ ọ́ sílẹ̀ nìyí?"

Òótọ́ ni. Iwájú orí yẹn, imú yẹn, bí etí ṣe lẹ̀ mọ́ orí: ti Bàbá ni gbogbo rẹ̀.

"Yà á," ni Àǹtí wí. "Fi irun funfun sí i lórí, kó o fún un ní ìhunjọ díẹ̀ lójú. Àbí kọ̀ǹpútà rẹ ò lè ṣe é ni?"

"Ó lè ṣe é, mà."

"Ó parí nìyẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn fọ́tò padà sínú àpótí.

"Kí ló ń dùn ọ́? Ta ló kọ́kọ́ ṣe é nínú ilé yìí? Ṣebí Bàbá náà ni. Ìwọ ni wọ́n fi ṣe Táyé. Fi Ràṣídì ṣe Bàbá náà."

Bọ̀dá Ràṣídì tún jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì sọ mí di òkú o. Mo ṣì fẹ́ jẹ nínú ẹran fìdáù yìí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé fọ́tò Bàbá kan wà. Ó dúdú, ojú wọn kò hàn nínú rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀ wò. Àǹtí Sìdí ní kò burú, tí ojú Bàbá kò bá ti jáde kó tó di ọjọ́ keje, Ràṣídì ni a óò lò.

Bí mo ṣe ya fọ́tò náà nìyí. Mo ra kámẹ́rà àlòkù kan, mo sì ń dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kẹ̀yìn sí oòrùn ìta. Wọ́n gbọ́ ìró nǹkan, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú wọn tí kò ríran mọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kámẹ́rà ni. Ohun tó jáde kò ju òjìji ọkùnrin kan láàárín ilẹ̀kùn, tí ìta mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi pa á rẹ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ lọ́wọ́ Bàbá ni pé èèyàn kì í ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá wọ ilé onílé, lẹ́yìn sàlámù, fèrèsé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. "Ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀?" Wọ́n ń bi mí bẹ́ẹ̀ nínú mọ́sálásí, wọ́n ń bi mí lójú ọ̀nà oko. Wọn kì í sì í ya ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án gangan. Ìyàwó ọlọ́lá kan wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú léèsì tuntun.

"Bàbá, mo ń kánjú o."

"Mo rí i pé ẹ̀ ń kánjú. Ẹ jókòó."

"Kí la wá ń dúró dè? Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ yín, èmi náà rèé."

Bàbá yọjú síta, wọ́n gbójú sókè, wọ́n padà wọlé. "Ẹ fara balẹ̀, màmá. Oòrùn ṣì ń bínú."

Nígbà tí mo gbé kọ̀ǹpútà wọ ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé wọ́n máa bá mi jà. Wọn kò jà. Ojú wọn ṣì ń ríran díẹ̀ nígbà náà. Wọ́n fa àga sún mọ́ mi, wọ́n ní kí n fi ohun tó ń ṣe hàn wọ́n. Mo fi bí a ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ wá sókè hàn wọ́n, bí a ṣe ń dín pupa kù, bí a ṣe ń jẹ́ kí ewé tó ti rọ tún tutù. Wọ́n ń mi orí. Àwọn náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà ayé fíìmù, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń bo ìlà ojú tó le roro lórí fíìmù, wọ́n a sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín kun ìlẹ̀kẹ̀ àti ètè àwọn ìyàwó lórí fọ́tò dúdú àti funfun. Ìyẹn ni mi ò ṣe fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Bàbá kò fẹ́ràn àtúnṣe. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ohun tó ń fa ìjà ni àwọn tó fẹ́ di òyìnbó. Obìnrin télọ̀ kan wà ní òdìkejì wa, ó dúdú dáadáa, ó sì lẹ́wà. Ó tẹ̀ mọ́ mi léjìká níwájú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ bá mi jẹ́ kó mọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ tún fi kún un. Ẹ̀ ń ṣahun ìmọ́lẹ̀ ni?"

Bàbá gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Múká, ṣé ọkọ rẹ ló fẹ́ gba fọ́tò yìí?"

"Òun ni, Bàbá. Ó wà ní Kánò."

"Tó bá wá délé tó bá ẹ níbẹ̀, ta lo máa sọ fún un pé o jẹ́?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé ó fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. Ó gba fọ́tò rẹ̀ bí ó ṣe rí. Nígbà tó lọ tán, mo bi Bàbá pé ṣé pẹ́ńsù tí wọ́n ń lò nígbà yẹn kì í ṣe irọ́. Wọ́n ní, "Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo ti ń dúró."

Wọn kì í ṣe ẹni tó rọrùn láti bá gbé. Wọn kì í yin èèyàn. Tí mo bá ṣe iṣẹ́ tó dára, wọ́n á ní, "Gbé e kọ́," ó tán. Wọ́n ya ìsọmọlórúkọ àwọn ẹlòmíràn títí wọ́n fi pàdánù ti àwọn ọmọ tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé kámẹ́rà kọjú sí wọn, wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, wọ́n á bo ojú. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò wọn kò fi sí nínú àpótí. Àǹtí Sìdí kò gbàgbé ọjọ́ yìgì àwọn fúnra wọn. Láti àárọ̀ ni Bàbá ti ń ya gbogbo èèyàn, ojú kan pa dé, ojú kejì lẹ̀ mọ́ kámẹ́rà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Àǹtí bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé kámẹ́rà fún ẹlòmíràn, kí wọ́n wá jókòó ti àwọn fún fọ́tò kan péré. Bàbá ń ká wáyà wọn lọ. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń dáná kì í wọ inú ìkòkò."

Bí mo ṣe ń rántí nǹkan wọ̀nyí ni mo ń ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò dúdú yẹn. Mo fa òjìji sókè díẹ̀. Ojú kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó ní àwọ̀ eérú. Mo tún fà á. Hóró-hóró bò ó bí iyanrìn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mo dá a padà sí bó ṣe wà, mo sì ti ṣọ́ọ̀bù.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ Táyé, nítorí pé òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn nira fún mi.

Ìbejì ni wá, Táyé àti Kẹ́hìndé. A kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ibà mú Táyé. A kì í la ẹnu sọ pé ìbejì kú; wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Ní Ìlá níbí, àwọn tó wà ṣáájú a máa gbẹ́ ère fún ọmọ tó bá lọ, ìyá rẹ̀ a sì máa tọ́jú ère náà. Ìmọ̀le ni àwa, a kì í gbẹ́ ère. Fọ́tò ni àwọn èèyàn fi rọ́pò rẹ̀. Onífọ́tò á ya ọmọ tó kù nígbà méjì, á sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kan náà bí ọmọ méjì tó jókòó ti ara wọn. Gbogbo onífọ́tò ìlú ló mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá ti ṣe é fún àìmọye ìyá. Wọ́n wá ṣe é fún ọmọ tiwọn.

Àwọn onífọ́tò mìíràn, ojú kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á yà mí ní apá òsì bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọwọ́ lórí itan. Wọ́n á ní kí n bọ́ sí apá ọ̀tún, wọ́n á yí orí mi díẹ̀, wọ́n á sì ṣí fèrèsé sí i kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀ lójú mi. Ẹni tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ni Táyé. Ìyá mi kì í ṣì í mú. Ó máa ń fi ìka kan ẹni náà lójú, á sì kí i. Tí ó bá sì se ẹ̀wà fi ṣe sàárà, iwájú fọ́tò yẹn ló ti ń bù ú fún àwọn ọmọdé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn yòókù ń ṣe é. Bàbá ń ṣe é lọ́dọọdún, ní Iléyá, títí mo fi jáde ìwé. Bí mo ṣe ń dàgbà ni Táyé ń dàgbà. Mo ga, ó ga. Mo di irun, ó di irun. Lọ́jọ́ kan mo wà níwájú ògiri níbi tí wọ́n gbé gbogbo wọn kọ́ sí, orí mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Mo sáré lọ bá Bàbá nínú yàrá tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, mo dúró sẹ́yìn kọ́tíìnì. Mo ní, "Bàbá, èwo ni èmi gan-an nínú wọn?"

Ohùn wọn wá láti inú òkùnkùn yẹn. "Èyí tó ń béèrè ni."

Mo ti di ìyá ọmọ kí n tó bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́dọọdún. Mo rò pé nítorí ìyá mi ni. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù la wà, òjò ń kán. Wọ́n ní kò sí fọ́tò Táyé kankan. Ilé onífọ́tò ni wọ́n bí wa sí, wọn kò sì yà wá rí, nítorí pé ọmọdé kì í jókòó jẹ́ẹ́, fíìmù sì wọ́n. Bí ìyá mi bá ní kí wọ́n yà wá, wọ́n á ní ó di ìgbà díẹ̀ sí i. Bàbá fi ọwọ́ nu itan wọn bí ẹni pé omi dà sí i. Wọ́n ní, "Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ìjókòó."

Nítorí náà, mi ò mọ ojú arábìnrin mi. Tí mo bá di ojú mi tí mo fẹ́ rí i, ara mi ni mò ń rí, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù. Ìyá mi pàápàá, kó tó kú, fọ́tò ló ń rántí. Bàbá nìkan ló kù tó ṣì rántí pé ojú wa kò rí bákan náà. Wọ́n sọ fún mi rí, láìjẹ́ pé mo béèrè, "Ojú ni Táyé fi ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ẹnu tó gbọ́."

Ohun tí mi ò lè ṣàlàyé fún Àǹtí Sìdí nìyẹn. Bọ̀dá Ràṣídì jọ Bàbá lóòótọ́, mo sì lè ṣe é kó dára débi pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ní ọdún kìn-ín-ní, gbogbo wa á mọ̀ pé Ràṣídì ni. Tó bá ṣe, àwa tí a mọ̀ á máa kú lọ, àwọn ọmọ á máa tọ́ka sí ògiri pé Bàbá àgbà nìyẹn. Lẹ́yìn náà èmi gan-an á di ojú mi, Bọ̀dá Ràṣídì ni n óò rí. Mo ti pàdánù ojú ẹnì kan báyìí rí.

Mo padà sórí fọ́tò náà. Mi ò fa gbogbo òjìji sókè lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀: ẹ̀yìn wọn ni ilẹ̀kùn wà, ṣùgbọ́n ògiri funfun ọwọ́ òsì wọn ti da ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ibẹ̀ nìkan ni mo gbé sókè. Mo dín hóró-hóró náà kù, mo sì fi ìhunjọ wọn sílẹ̀. Àwọ̀ ewé wà lójú wọn, nítorí ọ̀dà tí a fi kun ilẹ̀kùn. Mo fi fìlà funfun wọn ṣe òṣùwọ̀n, mo dín àwọ̀ ewé kù títí fìlà náà fi funfun, ara wọn sì tẹ̀ lé e. Wọ́n dúdú, pupa díẹ̀ sì wà nínú dúdú náà, bí èkùrọ́ tó gbó. Nígbà tí àwọ̀ yẹn dé, mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì, n kò sì lè gbé e padà fún ìgbà pípẹ́.

Apá ọ̀tún ojú wọn kò jáde. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ láti gbé sókè; kámẹ́rà kò rí i. Mo lè da apá òsì kọ, kí n yí i, kí n fi dí ibẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà, èmi náà sì mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fi òkùnkùn náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ keje, Àǹtí Sìdí wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn. Wọn kò jókòó. Mo gbé férémù náà sórí tábìlì, mo yọ pépà tí mo fi wé e. Wọ́n wọ gíláàsì ojú wọn.

"Ó ṣókùnkùn lápá kan."

"Bẹ́ẹ̀ ló rí, mà."

"O ò lè tan iná síbẹ̀ ni?"

"Tí mo bá tàn án, kì í ṣe àwọn ni yóò wà níbẹ̀ mọ́."

Mò ń retí pé wọn yóò pe Bọ̀dá Ràṣídì. Wọ́n gbé férémù náà lọ sí ẹnu ọ̀nà, síbi tí ojú ọjọ́ wà. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí. Ọ̀kadà ń kọjá, ẹnì kan kí wọn láti orí ọ̀kan, wọn kò gbójú sókè.

"Ta ni Bàbá ń wò?"

"Èmi ni, mà. Èmi ni mo yà wọ́n."

Wọ́n tún wò ó. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi etí ìborùn nù ún, wọn kò sì tún un wọ̀.

"Wé e fún mi," ni wọ́n wí. "Èyí la máa lò. Wọn ò wo èmi báyìí rí, Kẹ́hìndé."